Ẹ̀pà àti Àgbàdo Nínú Igbá Ìyá Àgbà

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gba nǹkan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá bu omi fún mi, màá kọ́kọ́ wo ìdí ife kí n tó mu ún. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, àmọ́ èmi kò tíì dàgbà tí mo ti ń lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ, ọdún kan sì wà nínú ilé wa ní Kambolé tí mo lò ó débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àìsàn sí mi lára. Mo ti sọ ìtàn ọdún yẹn fún àwọn èèyàn kan rí, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ìparí rẹ̀ pamọ́. Lónìí n ó sọ ọ́ tán, nítorí àwọn tí ì bá bínú sí i ti dàgbà kọjá ìbínú, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lọ bá Ọlọ́run.

Ilé wa tò yí àgbàlá kan ká, odó ńlá kan sì wà láàárín àgbàlá náà lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá mi ni ìyálé. Ìyá Sàlá ni ìyàwó kejì bàbá mi, ọmọ rẹ̀ Sàlámátù, tí gbogbo wa ń pè ní Sàlá, fi oṣù díẹ̀ péré jù mí lọ. Àbúrò bàbá mi náà ń bá wa gbé pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, Àísátù àti Ràmátù. Ìyá tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà, máa ń jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti àárọ̀. Ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́ ojú, ó sì mọ ẹni tó ń kọjá láti ara bí bàtà onítọ̀hún ṣe ń fa ilẹ̀. Tí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí bútà àlùwàlá ṣe ń kan ara wọn kí wọ́n tó pe ìrun, mo ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń fìwo gbo ilẹ̀kùn abà iṣu àti àgbàdo, mo sì ń gbọ́ ìyá mi tó ń ro kókó, tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ bíi pé ìkòkò náà ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ohùn tó borí gbogbo wọn ni ti odó.

Láti ìgbà tí iṣu tuntun bá ti dé láti oko títí di ìgbà tí abà bá ṣófo, ojoojúmọ́ là ń gúnyán lọ́sàn-án. Odó wa tóbi. Ẹnì kan kò lè dá a gún, bí ẹni mẹ́ta bá sì dúró tì í, wọn á máa fi ọmọ odó gbá ara wọn lọ́wọ́. Èèyàn méjì ló gbà. Àwa ọmọbìnrin mẹ́rin ni a sì wà nílé, kò sí èyí tó fẹ́ dúró sínú oòrùn nínú wa, ìjà ojoojúmọ́ ni. Ìyá Àgbà ló fòpin sí i. Ó ní kí kálukú wa mú hóró tirẹ̀. Èmi mú àgbàdo, Sàlá mú ẹ̀pà, Àísátù mú ẹ̀wà, Ràmátù mú ẹ̀gúsí. Hóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ inú igbá kékeré kan, Ìyá Àgbà á mì í, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á mú hóró méjì papọ̀, á sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta kí gbogbo ilé rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà ní afọ́jú ń pa irọ́. Ìyá Sàlá, tó sábà máa ń bó iṣu nítòsí ibẹ̀, ló máa ń pe orúkọ. Ẹni méjì tí a bá pè á dìde, wọn á gbé ọmọ odó, wọ́n á sì fọ igbá náà lẹ́yìn tí wọ́n bá gúnyán tán. Kò sí ẹni tó ń béèrè èwo ni wọ́n kọ́kọ́ pè, nítorí ọmọ odó méjèèjì ò ní olórí.

Ojú mi ò kúrò lára igbá náà. Ó dà bíi pé Àísátù kì í sábà jáde, mo sì rò pé Ìyá Àgbà ń fi ìka mọ ẹ̀wà kó tó mú. Mo bá mú èédú, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi, mo ń fi ìlà sára ògiri fún gbogbo ẹni méjì tó bá jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé, bó ti wù kí ọjọ́ pọ̀ tó, ọ̀nà mẹ́fà péré ni ẹni méjì lè gbà jáde nínú àwa mẹ́rin: èmi àti Sàlá, èmi àti Àísátù, èmi àti Ràmátù, Sàlá àti Àísátù, Sàlá àti Ràmátù, Àísátù àti Ràmátù. Mo wá èyí keje títí, n kò rí i. Ìyá mi bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ta ló fi èédú ba ògiri mi jẹ́ báyìí?"

"Èmi ni. Mò ń ṣọ́ wọn ni."

"Ta lò ń ṣọ́?"

"Gbogbo wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Nígbà tí mo ka àwọn ìlà náà, Àísátù ń gúnyán bí àwa yòókù ṣe ń gún un. Dípò kí n gbà bẹ́ẹ̀, mo ní bóyá ẹnì kan ti wá fi èédú kún ti Àísátù nígbà tí n kò sí nílé.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà ni Ìyá Sókódé wá sílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, òun àti ọkọ rẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Sókódé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gba BEPC, ìwé ẹ̀rí tí a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ lycée, nígbà náà, a sì jókòó sílé, kò sí ẹni tó mọ ohun tó kàn. Ìyá Sókódé jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ fún mi ní ọmọ méjì. Ọ̀kan á lọ lycée, ọ̀kan á máa bá mi dúró ní bùtíìkì. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn, ẹ má fún mi ní mẹ́ta." N kò ní ohun mìíràn tí mo ń fẹ́ láyé yìí ju kí n padà sínú kíláàsì lọ. Mo fẹ́ràn òórùn ṣọ́ọ̀kì, mo fẹ́ràn kí olùkọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kí gbogbo kíláàsì sì dákẹ́, kó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Lọ́jọ́ kejì, oko ló ti ro ọ̀rọ̀ yìí kó tó délé, nígbà tó sì dé, ó ní òun kò ní yan ọmọ kan lórí ọmọ kan. "Ẹ jẹ́ kí Ìyá ṣẹ́ kèké bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ọlọ́run ni yóò yàn." Òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń dúró de ohun tí àwọn obìnrin yóò pè jáde. Èmi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ti ọbẹ̀ nídìí ààrò. Mo gbọ́ bí igbá ṣe ń mì, ọbẹ̀ tó ń hó kò jẹ́ kí n mọ ohùn ẹni tó pe orúkọ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń ké "Alhamdulilahi." Àísátù ló wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀yin méjì ni. Sàlá ni lycée, ìwọ ni bùtíìkì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kèké ló sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Sàlá ni wọ́n kọ́kọ́ pè."

Ọbẹ̀ jóná lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó bá mi wí, èyí tó tún mú kí n fura sí i. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo rí Ìyá Sàlá tó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, tó ń fi òrí pa á lọ́wọ́, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tí òrí wà, kí ni kò ní lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ̀pà sì tóbi ju àgbàdo lọ. Ìyá Sàlá ló ń pe orúkọ lójoojúmọ́, ọmọ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì so dáadáa. Nígbà tí mo wo ojú ìyá tèmi, ó yí ojú sẹ́yìn, ó ní, "Mẹ̀múnà, gba kádàrá." Mo rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó lè wo mí.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé, wọ́n fi àwa méjèèjì sínú mọ́tò tó gba Tchamba lọ sí Sókódé. Ní Tchamba, Sàlá sọ̀ kalẹ̀, ó ra dùǹdú, ó pín in sí méjì, ó na ìdajì tó tóbi sí mi. N kò gbà á. Mo ní n kò mọ ohun tó mú kó fún mi ní èyí tó tóbi. Ó wò mí, ó jẹ ìdajì kékeré, ó sì fi èyí tó kù sórí itan rẹ̀ títí a fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Láràárọ̀, Sàlá á wọ aṣọ kákí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, á gbé ìwé, èmi á gbé ẹrù aṣọ sórí tẹ̀lé Ìyá Sókódé lọ sọ́jà. Èdè Tem tí wọ́n ń sọ ní Sókódé ń wọ́ lẹ́nu mi bí ẹni tó ń fa igi, Haúsá ńkọ́, àfi kíkí nìkan ni mo mọ̀. Tí Sàlá bá ti lycée dé lọ́sàn-án, kó tó bọ́ bàtà ló ti ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà ní èdè Tem, obìnrin tó ti kọjá á sì padà wá yẹ aṣọ wò. Ìyá Sókódé á máa wo èmi, á tún wo òun, á sì mí kanlẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Mo ní àbí ètò tún wà nínú èyí náà, kí wọ́n baà lè dá mi padà sílé, kí Sàlá gba méjèèjì.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo rí i pé ó ń fi ìwé kan pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, tí mo bá dé, á pa àpò dé. Ọkàn mi sọ fún mi pé lẹ́tà ìyá rẹ̀ ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Ìyá Sókódé lọ kírun, tí Sàlá sì lọ bu omi, mo ṣí àpò náà. Kì í ṣe lẹ́tà. Iṣẹ́ ìṣirò tí olùkọ́ fi gègé bíìkì pupa kọjá lórí rẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé náà ló pọ́n. Mo ṣì mú un lọ́wọ́ nígbà tí Sàlá gbé omi dé.

Mo rò pé á pariwo. Ó gbé omi kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ó dáa tí o rí i. Ó ti ń wù mí kí n fi hàn ọ́, o ò kàn fi àyè sílẹ̀ fún mi ni. Wo èyí. Wọ́n ní nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, kí á yan méjì tí yóò gbá kíláàsì. Ọ̀nà mélòó? Mo ní méjìlá, olùkọ́ fagi lé e. Wọ́n tún ní kí á yan olórí kíláàsì àti igbákejì rẹ̀ nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Mo ní méjìlá, ó ní ó dáa. Ó kọ *combinaison* sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó kọ *arrangement* sí ẹ̀gbẹ́ ìkejì. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ títí ó ti sú u. Èèyàn méjì kọ́ là ń yàn nínú méjèèjì ni? Kí ló dé tí ìdáhùn fi yàtọ̀?"

"Ti àkọ́kọ́, mẹ́fà ni," ni mo dáhùn kí n tó ronú.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó wà lára ògiri ìyá mi."

Obìnrin Tem kan ń ta ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo tọrọ hóró mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí, mo tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun kan. Mo ní, "Àwọn tó máa gbá kíláàsì, bí àwọn tó ń gúnyán ni wọ́n. Bí wọ́n bá pe èmi àti ìwọ, tàbí wọ́n pe ìwọ àti èmi, ṣé iyán náà á yàtọ̀?" Ó ní rárá. "Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan la máa kà á. Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí àti igbákejì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Bí èmi bá jẹ́ olórí, tí ìwọ jẹ́ igbákejì, ọ̀nà kan nìyẹn. Bí ìwọ bá jẹ́ olórí, tí èmi jẹ́ igbákejì, àwa méjì náà ṣì ni, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ti dé. Ẹni méjì kọ̀ọ̀kan á ya ọ̀nà méjì. Mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, méjìlá." Sàlá lu itan rẹ̀, ó ní, "Háà! Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tó ṣáájú kò ṣe nǹkan kan. Tí ipò bá yàtọ̀, ẹni tó ṣáájú ló ni ọ̀rọ̀. Mẹ̀múnà, ìwọ ló yẹ kí o wà ní lycée yìí o."

Mo ń wo ọwọ́ ara mi. Hóró ẹ̀pà kan àti hóró àgbàdo kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ń yí ọwọ́ náà sọ́tùn-ún sósì. Èwo ló ṣáájú nínú wọn? Kò sí èyí tó ṣáájú. Mo fò dìde.

"Sàlá, lọ́jọ́ kèké yẹn, ṣé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Ìyá Àgbà mú?"

"Rárá, méjì lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń mú un."

"Ta ló wá sọ pé ìwọ lo ṣáájú? Kèké kò sọ bẹ́ẹ̀. Kèké kàn sọ pé àwa méjì ni. Ìyá ẹ ló fi ìwọ síwájú!"

Sàlá rọra kó àwọn hóró náà jọ. "Ìyá mi kò sí níbẹ̀," ló sọ. "Wọ́n ń bó iṣu lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Ìyá tìẹ ló pe orúkọ."

Mo pè é ní òpùrọ́. N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi gba ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì sùn dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé Sàlá kì í purọ́.

Iṣu tuntun ti ń wọlé nígbà tí a dé Kambolé. Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń lọ ata, n kò tilẹ̀ jẹ́ kó kí mi tán. Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ pe orúkọ Sàlá ṣáájú tèmi?" Ó dá ọwọ́ dúró lórí ọlọ.

"Mẹ̀múnà, ìyálé ni mí. Láti ọjọ́ tí Ìyá Sàlá ti wọ ilé yìí, ṣé o ti gbọ́ ọ rí kí n pe ọmọ tèmi ṣáájú ọmọ rẹ̀? Tí mo bá bu oúnjẹ, ta ni mo ń kọ́kọ́ pè?"

Òótọ́ ni. Sàlá ni. Gbogbo ìgbà ni Sàlá. Ní agbo ilé wa, ìyálé tó bá kọ́kọ́ pe ọmọ tirẹ̀ síbi oúnjẹ, wọ́n á ní ojú ń kán an. Ìyá mi ní, "Bí mo ṣe ń pè yín jẹun ni mo ṣe pè yín lọ́jọ́ náà. Hóró méjì ló wà lọ́wọ́ Ìyá, mo pe méjì. N kò mọ̀ pé àwọn bàbá yín lábẹ́ igi ń fi ìpè mi pín ipò."

"Nígbà tí ẹ wá mọ̀ ńkọ́?"

"Kí n wá ní kí wọ́n yí i padà, kó di ti ọmọ mi? Ilé wo ló ń tòrò lẹ́yìn irú ìyẹn?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ata sì wà lọ́wọ́ náà, omi ojú wá bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ata nínú rẹ̀. Inú bí mi sí i gidigidi. Àánú rẹ̀ tún ṣe mí. Ohun tó burú jù ni pé odindi ọdún kan ni mo fi ń kí Ìyá Sàlá pẹ̀lú ìdajì ẹnu nígbàkúùgbà tí mo bá wálé, nítorí òrí tó fi pa ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí bàbá mi kírun Àìlà tán, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, mo tẹ́ hóró mẹ́rin sílẹ̀, mo ṣàlàyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò yé e. Ó ní, "Ẹ̀yin méjì kọ́ ló jáde ni?" Mo wá ní, "Bàbá, bí a bá mú iṣu àti àgbàdo ṣe sàráà, tí a kọ́kọ́ fún wọn ní iṣu, tàbí a kọ́kọ́ fún wọn ní àgbàdo, ṣé sàráà kọ́ ni?" Ó ní sàráà ni. "Ẹni tó bá wá forí kanlẹ̀ ṣe sùjúdù kó tó tẹ̀ríba ṣe rúkúù ńkọ́?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìrun rẹ̀ ti bàjẹ́," ló wí, "bó tilẹ̀ ṣe méjèèjì." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Gígún iyán dà bíi sàráà. Lycée àti bùtíìkì dà bí ìrun. Kèké sàráà ni ẹ fi ṣe ìrun." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí tẹ̀súbáà rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó ní òun lòun pe orúkọ, bí ìyálé ṣe ń pè é, pé òun kò ní ohun mìíràn lọ́kàn.

Ìyá Sàlá ló bú sọ́rọ̀. "Ìdí nìyẹn tí o fi ń wò mí bí olè látọdún, Mẹ̀múnà? Àbí o rò pé n kò rí i?" Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ìtìjú kò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní kí n dìde. Ó ní, "Pé ẹ̀yin méjì lẹ jáde, ìyẹn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ẹni yòówù tí ilé bá fi sí lycée, òun gbà. Ipò ni kèké kò tíì sọ. Kí a fi ẹ̀pà àti àgbàdo nìkan sínú igbá, kí Ìyá mú ẹyọ kan."

Sàlá ló dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ mú igbá wá." Ó ṣa hóró méjì nílẹ̀ níwájú mi, ó wọ inú abà lọ. Mo fẹ́ tẹ̀lé e, nítorí n kò fẹ́ kí ojú mi kúrò lára igbá náà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní, "Jókòó." Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ó ti fi ìdérí bo igbá. Mo ní nínú ara mi pé ó ti parí, pé ohun tí ìyá rẹ̀ kò ṣe, òun ti ṣe é.

Ìyá Àgbà gba igbá, ó mì í, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Mo rí i tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ọ̀gangan ibi tí Sàlá dúró sí. "Ó dáa," ló sọ, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àgbàdo ni.

Ìyá Sàlá fúnra rẹ̀ ló pe orúkọ mi, ó pè é ketekete. Sàlá dì mọ́ mi, ó ní, "Lọ kọ́ ọ wá, kí o wá ṣàlàyé ìyókù fún mi," ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó jókòó ti iṣu. Nínú ilé wa, ẹni tí hóró rẹ̀ bá jáde ló ń fọ igbá. Mo gbé igbá náà lọ síbi ìkòkò omi, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo wo inú rẹ̀, bí mo ṣe máa ń wo ìdí gbogbo nǹkan. Hóró kan ṣẹ́kù níbẹ̀. Àgbàdo ni òun náà.

Mo wo igbá náà títí. Mo gbọn ọ́n, mo wo ìdérí, mo wo ilẹ̀. Kò sí ẹ̀pà níbì kankan. Láti kékeré ni mo ti ń fura pé ẹnì kan ń ṣe àrékérekè nínú igbá yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ nìyí, èmi ni wọ́n sì ṣe é fún. Mo da omi sí igbá, mo fọ̀ ọ́, mo da hóró náà fún adìyẹ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwà mi kò sì jẹ́ kí n sinmi: mo tún fura pé bóyá ìwé ló sú Sàlá, pé bóyá bùtíìkì ló wù ú, pé ó fi mí bo ara rẹ̀ láṣìírí ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a padà sí Sókódé, mo rí i tó ń ká kákí rẹ̀ kó tó fún mi. Ó ká a, ó tú u, ó tún ká a, ó fi ọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ orí ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìfura náà kò lè dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí lónìí, ní Sókódé níbí. Tí a bá dé ibi *combinaison* àti *arrangement*, hóró ni mo ń kó wọ kíláàsì. Ní ọdún yìí, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Màdáàmù, tí hóró méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà ńkọ́? Ọ̀nà mélòó la lè gbà tò wọ́n?" Mo ní ọ̀kan ṣoṣo. Mo ní bó ṣe wù kí o tò wọ́n, ohun kan náà ni yóò jáde. Mo sì yí ojú sí pátákó, mo ń nu ohun tí n kò tíì kọ.

Bùtíìkì Ìyá Sókódé ti di ti Sàlá láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti fẹ̀ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo lọ síbẹ̀. A jọ jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí a jẹun tán, mo bi í léèrè ohun tí n kò bi í láti gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Sàlá, ẹ̀pà ọjọ́ yẹn, níbo lo fi sí?"

Kò bi mí pé ọjọ́ wo. Ó ń ká aṣọ, kò gbé ojú sókè.

"Mo jẹ ẹ́," ló sọ. "Mo ti mọ̀ pé o máa wá a."